Ẹ̀rí Ìyá Nìkan Kò Tó Dá Ẹjọ́: Kouprey, ADN àti Orúkọ Ẹranko

Àwọn baba ńlá wa bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n yìí kò mọ sọ́dọ̀ ọmọ ènìyàn nìkan. Àwọn onímọ̀ tí ó jẹ́ iṣẹ́ wọn láti sọ ẹranko lórúkọ náà a máa wo ilé. Wọn a wo ìwo, wọn a wo eyín, wọn a wo agbárí àti àwọ̀ ara, kí wọ́n tó là á mọ́lẹ̀ pé ẹranko báyìí kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí a ti mọ̀, pé ẹ̀yà tirẹ̀ dá dúró. Fún ọjọ́ pípẹ́, ohun tí ojú rí àti ohun tí ọwọ́ bà nìkan ni ẹ̀rí tí wọ́n ní. Ní ọdún 1984 ni ẹlẹ́rìí tuntun wọlé. Ní ọdún náà, àwọn onímọ̀ rí ADN kà lára awọ gbígbẹ quagga, ẹranko abilà kan ní gúúsù Áfíríkà, tí èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn kú ní Amsterdam ní ọdún 1883. Awọ tí ẹ̀mí ti kúrò lára rẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún fọhùn, ó sì sọ ẹni tí í ṣe ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́: ẹranko abilà tí àwọn Faransé ń pè ní zèbre.

ADN, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ lọ́nà tí gbogbo ilé yóò fi gbọ́, ni ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kọ, tí ó wà nínú ara gbogbo ohun abẹ̀mí, tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, tí ọmọ náà yóò sì fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wa gbọ́ orúkọ rẹ̀ nítorí aáwọ̀ inú ilé, nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí ẹni tí í ṣe baba ọmọ. Láti ibẹ̀ ni a ti ń rò pé bí ADN bá ti fọhùn, ọ̀rọ̀ bùṣe, kí oníkálukú máa gba ilé rẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí mo gbé ka iwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ni èyí: ǹjẹ́ ẹlẹ́rìí tí kò mọ irọ́ pa lè mú kí adájọ́ ṣi ẹjọ́ dá? Ìdáhùn mi ni pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, bí adájọ́ náà kò bá mọ ohun tí ó bi ẹlẹ́rìí àti ohun tí kò bi í. Bí a bá sì ṣi irú ẹjọ́ yìí dá, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Ẹranko mẹ́ta ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Méjì wá láti Fiẹtnám àti Kàmbódíà, ilẹ̀ tí Faransé jọba lé lórí nígbà kan bí ó ti jọba lé tiwa lórí. Ẹ̀kẹta wà nínú ọ̀dàn orílẹ̀-èdè wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹranko tí kò sí. Ní ọdún 1994, Peter àti Feiler, onímọ̀ méjì ará Jámánì, fún ẹranko kan ní orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tí ó fojú rí i lóòyẹ̀. Ìwo nìkan ni wọ́n rí, ìwo tí ó lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń tà lọ́jà ní Fiẹtnám. Wọ́n sọ ọ́ ní Pseudonovibos spiralis. Àwọn ará Fiẹtnám mọ ẹranko náà ní linh duong. Ní Kàmbódíà, khting vor ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ó ń jẹ ejò, wọ́n sì gbà pé ìwo rẹ̀ lágbára lórí oró ejò. Kò pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ fi wọ inú àkójọ àwọn ẹranko tí ewu ìparun dojú kọ.

Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ kan ka ADN láti ara irú ìwo bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ìbátan ewúrẹ́ àti àgùntàn ni ẹranko náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2001, Alexandre Hassanin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris mú ìwo mìíràn, wọ́n ka ADN rẹ̀, wọ́n sì yẹ ara ìwo náà wò fínnífínní. ADN náà ní ti màlúù ilé ni òun. Lára ìwo fúnra rẹ̀, wọ́n rí àmì iṣẹ́ ọwọ́: ọmọ ènìyàn ni ó mú ìwo màlúù, tí ó sì fi ọgbọ́n lọ́ ọ. Ní ọdún 2002, Hassanin tún ṣàlàyé pé ADN tí àwọn ti ìṣáájú kà kì í ṣe ti ìwo náà rárá. Ti ẹranko mìíràn ni, tí ó ti kó wọ inú iṣẹ́ wọn láìjẹ́ pé wọ́n fura.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Síbẹ̀, èmi kò ní yára pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Fiẹtnám ní ẹlẹ́tàn. Ẹni tí ó ń ṣe oògùn ejò kò sọ pé òun ń kọ ìwé fún àwọn onímọ̀ ẹranko. Àwọn onímọ̀ ni wọ́n gbé ìwo ọjà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹranko lórúkọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a dì mú nínú ìtàn yìí ni pé ADN jẹ́rìí lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rí méjèèjì kò sì bá ara wọn mu. ADN kò purọ́. Ti ẹranko kan ni ó jẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe ti ẹranko tí wọ́n rò pé àwọn ń bi. Ọwọ́ tí ó mú ẹlẹ́rìí wá sí ilé ẹjọ́ pẹ̀lú gbọdọ̀ mọ́. Nígbà tí ọwọ́ mọ́, tí ojú sì tún wo ìwo náà dáadáa, ẹ̀rí ojú àti ẹ̀rí ADN fi ẹnu kò síbi kan.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ẹranko tí ó wà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù orúkọ rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1930, nínú àwọn igbó àríwá Kàmbódíà, màlúù igbó ńlá kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kouprey. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè wọn ni màlúù igbó. Ìwo akọ rẹ̀ a máa fọ́n ní ṣóńṣó bí ìgbálẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà. Ìwo abo a sì tẹ̀ yíká lọ sókè. Awọ ọrùn akọ a máa fà wálẹ̀ gidigidi. Wọ́n mú ọ̀dọ́ akọ kan, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ọgbà ẹranko Vincennes ní Paris. Ní ọdún 1937, Achille Urbain, tí ó jẹ́ olórí ọgbà náà, sọ ọ́ ní Bos sauveli, ní ìrántí Sauvel, dókítà ẹranko kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kàmbódíà. Ní ìlànà àwọn onímọ̀, orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan a máa so mọ́ ẹranko kan pàtó, tí wọ́n ń tọ́jú ara rẹ̀ pamọ́ bí a ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Ọ̀dọ́ akọ Vincennes yìí ni ìwé ilẹ̀ kouprey.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àríyànjiyàn ti wà. Ní ọdún 1940, Harold Coolidge ti Amẹ́ríkà ní ẹranko náà yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí ó ní ìdílé tirẹ̀ láàárín àwọn màlúù. Àwọn mìíràn ní rárá, àmúlùmálà ni, ọmọ tí màlúù ilé àti màlúù igbó jọ bí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn, àwọn ọdẹ ń yìnbọn. Ogun wọ ilẹ̀ náà, ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ẹran àti ìwo sì di owó. Ní àwọn ọdún 1960, Kàmbódíà sọ kouprey di ẹranko àmì orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1964, àwọn kan lọ mú un láti máa sìn ín kí ó má bàa parun. Márùn-ún ni ọwọ́ wọn tẹ̀: méjì kú, mẹ́ta sì bọ́ lọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ẹ̀rí tó dájú hàn pé òun rí kouprey lóòyẹ̀.

Ní ọdún 2006, Gary Galbreath àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ àmúlùmálà dìde padà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ADN. Kí a tó lè mọ ohun tí wọ́n rí, a ní láti mọ̀ pé ìwé méjì ni ADN ẹranko. Ìwé ńlá wà ní kókó inú sẹ́ẹ̀lì: baba kọ ìdajì rẹ̀, ìyá kọ ìdajì. Ìwé kékeré wà ní ẹ̀yìn kókó náà: ìyá nìkan ni ó ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Akọ a máa gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi í lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ẹ̀dà ìwé kékeré lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, nígbà tí ìwé ńlá kò ju ẹ̀dà méjì lọ. Nítorí náà, nínú egungun gbígbẹ àti awọ àtijọ́, ìwé ìyá ni ó rọrùn jù láti rí kà. Ẹ̀rí tí ó rọrùn jù ni ọmọ aráyé sì kọ́kọ́ máa ń gbọ́.

Ohun tí Galbreath àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ni pé ìwé ìyá kouprey jọ ìwé ìyá àwọn banteng Kàmbódíà. Banteng ni màlúù igbó mìíràn tí ó wà ní agbègbè náà. Wọ́n wá parí èrò sí pé kouprey kì í ṣe ẹ̀yà gidi. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ á jẹ́ banteng, baba rẹ̀ á sì jẹ́ màlúù oníké, irú èyí tí àwọn Fúlàní ń dà kọjá lórí ilẹ̀ wa níhìn-ín. Wọ́n ní àmúlùmálà tí ó sá kúrò ní ilé wọ inú igbó ni. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ẹnikẹ́ni ń wá kiri nínú igbó Kàmbódíà? Ta ni yóò náwó lórí màlúù tí ó sá lọ?

Àwọn àgbà wa ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ẹjọ́ báyìí: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà èèyàn. Wọn kò sọ pé ẹni tí a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ purọ́. Ó lè jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òtítọ́. Ibi tí ìkà wà ni pé onídàájọ́ dìde lórí àga kí ẹnì kejì tó lanu. Ìwé ìyá sọ òtítọ́ nípa ìyá. Baba kò tíì sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 2007, Hassanin kan náà àti Anne Ropiquet pe baba wá sí ilé ẹjọ́. Wọ́n padà sọ́dọ̀ ẹranko ọdún 1937 yẹn, ìwé ilẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì ka apá márùn-ún nínú ìwé ńlá pẹ̀lú ìwé kékeré. Ìwé ńlá kouprey kò fi í hàn ní ọmọ banteng, kò sì fi í hàn ní ọmọ màlúù oníké. Ti ara rẹ̀ ni. Kí wá ni ó dé tí ìwé ìyá rẹ̀ fi jọ ti banteng Kàmbódíà? Ìdáhùn wọn yí ọ̀rọ̀ náà po. Ìwé ìyá tí ó wà lọ́wọ́ banteng Kàmbódíà kò jọ ti banteng erékùṣù Java. Láyé àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni tó máa sin màlúù, àwọn abo kouprey kan bímọ fún akọ banteng. Àwọn ọmọbìnrin wọn dàgbà láàárín banteng, wọ́n sì tún bí fún akọ banteng. Bí ó ti ń lọ láti ìran dé ìran, ohun gbogbo lára wọn di ti banteng, àfi ìwé kékeré ìyá ńlá wọn. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó yá ohun ìní òun lọ́wọ́ aládùúgbò ni ó wá jẹ́ olóhun.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a fi ilé wé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ènìyàn. Bí obìnrin ará Ṣábẹẹ kan bá fẹ́ ọkọ sí Kétu, tí ọmọbìnrin rẹ̀ náà fẹ́ ọkọ ní Kétu, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ìran, ìwé ìyá ará Ṣábẹẹ yẹn yóò wà ní agbo ilé náà láìyẹ̀. Bí àlejò kan bá wá ka ìwé náà ní Kétu, tí ó tún lọ kà á ní Ṣábẹẹ, tí ó rí i pé ọ̀kan náà ni, ṣé ó lè torí ìyẹn ní ọmọ Kétu ni gbogbo ará Ṣábẹẹ? Ó ti rí òtítọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà tí òtítọ́ náà gbà wá. Ìjọra ń sọ fún wa pé nǹkan kan so ilé méjì pọ̀. Kì í sọ ẹni tí ó fún ẹnì kejì.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a yìn nínú ìtàn yìí. Nígbà tí ẹ̀rí kejì dé, Galbreath àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí ìpinnu wọn padà ní ọdún 2007 náà. Ọdún kan ni ó wà láàárín ẹ̀sùn àti ìyípadà. Èmi gbà pé ọ̀nà tí a fi ń mọ ìmọ̀ tòótọ́ yàtọ̀ sí agídí nìyẹn. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ mìíràn tún ka gbogbo ìwé ńlá kouprey, wọ́n sì rí i pé kouprey, banteng àti gaur, tí í ṣe màlúù igbó kẹta ní agbègbè náà, ya kúrò lára ara wọn ní nǹkan bí ìgbà kan náà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n; kò sí èyí tí ó jẹ́ ọmọ èkejì.

Ẹnìkan lè bi mí pé: bí abo kouprey bá ti bímọ fún banteng nígbà kan rí, ṣé wọn kò ti dàpọ̀ mọ́ ara wọn nìyẹn? Kí ni a tún ń pè ní ẹ̀yà? Ìbéèrè náà jinlẹ̀, nítorí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀yà kì í ṣe ilé olódi tí kò ní ẹnu ọ̀nà. Ó dà bí odò: omi odò kan lè ṣàn wọ inú odò mìíràn lọ́dún tí òjò bá pọ̀, síbẹ̀ Ọyá kò di Ògùn. Ohun tí ó sọ ẹ̀yà di ẹ̀yà ni pé ìran rẹ̀ ti ń dá tọ ọ̀nà tirẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, tí ó sì ń bá a lọ láti máa tọ̀ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àlejò tí ó ti gbà sílé. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀yà tí kò dàpọ̀ rárá yóò pa orúkọ ẹranko púpọ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé kí ó tó mọ̀ pé ohun tí òun ń wá ṣọ̀wọ́n láyé. Àwa tí a ń gbé ní Àjàṣẹ́, tí ilé Yorùbá, ilé Gùn àti ilé Àgùdà fara kan ara wọn, kò yẹ kí a jẹ́ ẹni tí a óò máa kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí. Bí kouprey tilẹ̀ ti jẹ́ àmúlùmálà, ẹ̀mí rẹ̀ kì í bá tìtorí ìyẹn di aláìníláárí. Ṣùgbọ́n òfin ọmọ ènìyàn kì í dáàbò bo ohun tí kò lórúkọ, ìdí sì nìyí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì.

Ẹ̀rí ohun tí mo wí yìí wà nítòsí wa. Àwọn àgbà ní, àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ṣùgbọ́n erin wo? Fún ọjọ́ pípẹ́ ni ìwé àwọn onímọ̀ fi ń ka gbogbo erin Áfíríkà sí ẹ̀yà kan ṣoṣo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1900 ni Matschie ti sọ erin igbó kìjikìji lórúkọ lọ́tọ̀. Erin igbó kéré sí erin ọ̀dàn, etí rẹ̀ rí róbótó, eyín rẹ̀ gún, ó sì dorí kọ ilẹ̀. Ní ọdún 2001, Alfred Roca àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìwé ńlá erin 195 láti ibùgbé 21 káàkiri Áfíríkà, wọ́n sì ní ẹ̀yà méjì ni. Àwọn tí wọ́n ka ìwé ìyá kò gbà, nítorí pé wọ́n rí ìwé ìyá erin igbó lọ́wọ́ àwọn erin ọ̀dàn kan. Ní ọdún 2005, Roca àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀: abo erin igbó ti bímọ fún akọ erin ọ̀dàn láyé àtijọ́, àwọn ọmọbìnrin wọn sì tún bí fún akọ ọ̀dàn, títí gbogbo ara fi di ti ọ̀dàn, tí ìwé ìyá nìkan kù. Òǹkàwé yóò rí i pé ẹjọ́ kouprey ni èyí, ní ilẹ̀ mìíràn.

Ó gba ogún ọdún kí ìdájọ́ náà tó dé ibi tí òfin ti ń gbọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àjọ UICN, tí ó ń ṣe àkójọ àwọn ẹranko tí ewu wu, kọ erin méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní erin igbó ti dín ní ohun tó lé ní ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún 31, erin ọ̀dàn sì ti dín ní ó kéré tán ìdá 60 láàárín ọdún 50. Nígbà tí a ń kà wọ́n pọ̀, erin tí ó kù ní ọ̀dàn lè máa bo ikú tí ń pa ti igbó mọ́lẹ̀. Orúkọ kan tí a fi bo ẹni méjì lè di aṣọ òkú fún ọ̀kan nínú wọn. Ní orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀, erin ọ̀dàn wà ní ọgbà Pendjari àti ọgbà W, tí òun pẹ̀lú ọgbà Arly ní Bùrkínà Fasò àti apá tó wà ní Nìjẹ̀r jẹ́ ibi tí erin pọ̀ sí jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ ẹni tí erin jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sí wa.

Ó wá ku ìbéèrè tí ó nira jù. Bí ẹ̀rí kò bá tíì pé, kí ni kí onídàájọ́ ṣe? Àwọn kan yóò ní kí a máa gbàgbọ́ ní gbogbo ìgbà, kí a kọ orúkọ gbogbo ẹranko tí ẹnikẹ́ni bá ròyìn, kí a má bàa jẹ̀bi. Ìtàn ìwo lílọ́ yẹn kò jẹ́ kí n lè gbà bẹ́ẹ̀: owó àti ọjọ́ tí a fi wá ẹranko tí kò sí, a lè fi gba ẹranko tí ó wà là. Àwọn mìíràn yóò ní kí a máa ṣiyèméjì títí ẹ̀rí gbogbo yóò fi pé. Ìtàn kouprey kò jẹ́ kí n gba ìyẹn náà, nítorí pé ẹranko kì í dúró de onímọ̀. Ohun tí mo rò ni pé kí a wọn àṣìṣe méjèèjì wò lórí òṣùwọ̀n. Bí a bá pe ohun tí kò sí ní ohun tí ó wà, òtítọ́ yóò wá bá wa lọ́jọ́ kan, a óò sì pa orúkọ náà rẹ́. Àdánù wa kò ju owó àti ìtìjú lọ. Bí a bá pe ohun tí ó wà ní ohun tí kò sí, tí a sì torí bẹ́ẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ìbọn, òtítọ́ lè dé kí ó má bá ẹnikẹ́ni nílé. Ẹjọ́ tí a lè tún dá àti ẹjọ́ tí a kò lè tún dá kò yẹ kí ó gba ẹ̀rí kan náà. Ẹni tí ó fẹ́ yọ orúkọ kúrò ni ó yẹ kí ó mú ẹ̀rí wá láti ilé ìyá àti láti ilé baba.

Èyí kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní pàtàkì, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ óò máa ka irú ìwé wọ̀nyí lọ́jọ́ iwájú, ní Faransé àti ní èdè wa. Bí ẹ bá gbọ́ pé ADN ti sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe sá fún un, ẹ má sì ṣe dọ̀bálẹ̀ fún un. Ẹ béèrè pé: ìwé wo ni wọ́n kà, ti ìyá nìkan tàbí ti méjèèjì? Lára ẹranko wo ni wọ́n ti kà á, ọwọ́ ta ni ó sì gbà kọjá? Ṣé ìwo, egungun àti ìtàn àwọn ọdẹ ibẹ̀ bá a mu? Bí kò bá bá a mu, ṣé ẹlẹ́rìí ni ó ṣìnà ni, tàbí àwa ni a kò tíì mọ ọ̀nà tí òtítọ́ gbà wá?

Kouprey jàre ẹjọ́ rẹ̀ ní ọdún 2007. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó ń jiyàn orúkọ Bos sauveli mọ́. Ṣùgbọ́n nínú àkójọ UICN, wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà pé ó ṣeé ṣe kí ẹranko náà ti parun. A dá ẹjọ́ tí ó tọ́ fún ẹni tí kò sí ní ilé ẹjọ́, bóyá tí kò sí láyé mọ́. Erin Pendjari ṣì wà, a sì mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa ni kí a rí i pé orúkọ náà kò ní ju ẹlẹ́ran ara lọ lọ́jọ́ orí.